Ta ló ń jẹ fọ́tò Màmá lára ògiri?



Fọ́tò méjì ló wà lára ògiri pálọ̀ ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ ti bàbá àgbà, dúdú àti funfun, tí fọtógíráfà kan yà ní ọdún 1974. Bàbá jókòó sórí àga, wọ́n dé fìlà abetí ajá, wọ́n gbé ọwọ́ lé orókún, wọn ò rẹ́rìn-ín rárá. Èkejì jẹ́ ti màmá àgbà. Èmi ni mo fi fóònù mi yà á nígbà tí wọ́n ń já ewédú ní ẹ̀yìnkùlé, tí wọn ò mọ̀ pé mo ti gbé fóònù sókè. Èmi náà ni mo tẹ̀ ẹ́ jáde nínú yàrá mi nílé-ẹ̀kọ́, lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi dáwó rà. Mo fi í sínú férémù, mo gbé e lọ fún wọn ní ọjọ́ ìbí wọn. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ṣé bí mo ṣe rí nìyí?" Inú wọn dùn.

Màmá àgbà jáde láyé lọ́dún tó kọjá. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìsìnkú, màmá mi pè mí lórí fóònù: "Ìwọ ọmọ yìí, fọ́tò Màmá ti ń pọ́n o. Ojú wọn ti ń lọ. Kí lo fi tẹ̀ ẹ́ ná?"

Mo rò pé àsọdùn ni. Nígbà tí mo délé, mo rí i fúnra mi. Ìró búlúù tí wọ́n ró ti dà bí eérú, ewé tó wà lẹ́yìn wọn ti dà bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ, gbogbo ojú fọ́tò ti pọ́n. Fọ́tò tí kò tíì pé ọdún méjì! Bàbá àgbà sì wà ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, fọ́tò tó ti ju àádọ́ta ọdún lọ, wọ́n ń wò mí bí ẹni pé àná ni wọ́n yà á.

Kẹ́mísírì ni mò ń kà, ìpele másítà ni mo wà. Ó tì mí lójú gan-an. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí, torí mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́. Ọ̀pọ̀ wa la ń ya fọ́tò lójoojúmọ́, ti ọmọ, ti ọ̀rẹ́, ti òbí tó ń já ewédú, a sì ti ń tẹ̀ wọ́n fúnra wa nílé. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ láti ìgbà tí fọ́tò wà nínú fóònù títí tó fi dé orí pépà, kí ló sì ń pa á níbẹ̀?

Nọ́ńbà ni, kì í ṣe àwòrán

Fọ́tò tó wà nínú fóònù yín kì í ṣe àwòrán, nọ́ńbà ni. Kámẹ́rà pín ohun tó rí sí ẹyọ kéékèèké tí à ń pè ní pixel. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà mẹ́ta: iye pupa, iye àwọ̀ ewé, iye búlúù. Tí wọ́n bá ní kámẹ́rà kan jẹ́ 12 megapixel, fọ́tò rẹ̀ sábà máa ń ní pixel 4000 ní òró àti 3000 ní ìbú. 4000 lọ́nà 3000, mílíọ̀nù 12 nìyẹn.

Pixel mélòó ló wá yẹ kó wà nínú íǹṣì kan lórí pépà? Ojú wa ló máa dáhùn. Ẹ pín dígírì kan sí ọ̀nà ọgọ́ta: ìdá kan níbẹ̀ ni àlàfo tó kéré jù tí ojú tó dára lè fi mọ̀ pé nǹkan méjì kì í ṣe ọ̀kan. Tí ẹ bá mú fọ́tò dání ní nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà sí ojú, àlàfo yẹn jẹ́ nǹkan bí 0.087 mìlímítà. Íǹṣì kan sì jẹ́ 25.4 mìlímítà. Ẹ fi 0.087 pín 25.4, ẹ máa rí nǹkan bí 290. Ibẹ̀ ni àwọn atẹ̀wé ti rí 300 tí wọ́n máa ń sọ yẹn. Kì í ṣe òfin Mósè. Fọ́tò ńlá tí a máa dúró lókèèrè wò kò nílò tó bẹ́ẹ̀ rárá.

Fọ́tò 4×6 tí gbogbo wa mọ̀ nílò pixel 1200 sí 1800, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fóònù 12 megapixel lè tẹ̀ ẹ́ dé íǹṣì 10 sí 13 láìsí wàhálà. Nítorí náà ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ gbọ́dọ̀ ra kámẹ́rà olówó ńlá kí fọ́tò tó dára lára ògiri.

WhatsApp ni ìṣòro wà. Tí ẹ bá kàn fi fọ́tò ránṣẹ́ lásán, ó máa fún un pọ̀ kó lè fúyẹ́, ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù lè bọ́ sí nǹkan bí pixel 1600. Ẹ wá tẹ ìyẹn sórí pépà A4, tó gùn ní íǹṣì 11.7: pixel 137 péré ló máa bọ́ sí íǹṣì kọ̀ọ̀kan. Ojú máa rí i. Ẹ fi ránṣẹ́ bíi Document, torí ìyẹn kì í fọwọ́ kan nǹkan kan nínú fáìlì. Ẹ fi 1600 yìí sọ́kàn o, mo máa padà sórí rẹ̀.

Fóònù ń fi kún un, íńkì ń yọ ọ́ kúrò

Ojú fóònù dúdú tẹ́lẹ̀. Iná pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù ló ń tàn pọ̀ láti fi kọ́ àwọ̀. Pépà kò ní iná kankan, funfun ló ti jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ yàrá ló ń bà lé e, tó ń ta padà sójú wa. Iṣẹ́ íńkì ni láti gbé lára ìmọ́lẹ̀ náà mì kó tó ta padà. Sáyánì, búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, ń gbé pupa mì. Màjẹ́ńtà, tó dà bí omi zobo tí wọ́n fi omi là, ń gbé àwọ̀ ewé mì. Yẹ́lò ń gbé búlúù mì. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí C, M àti Y lára ìgò íńkì, pẹ̀lú K tó dúró fún dúdú. Pé àwọ̀ mẹ́ta tó láti kọ́ gbogbo yòókù kì í ṣe ìmọ̀ àná: James Clerk Maxwell ti fi ìmọ́lẹ̀ mẹ́ta, pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù, gbé àwòrán rìbọ́ọ̀nù aláràbarà kan jáde níwájú àwọn èrò ní London ní ọdún 1861.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ díẹ̀. Bí sáyánì nìkan bá kú nínú fọ́tò kan, ta ló kù tó máa gbé pupa mì? Kò sí. Gbogbo pupa máa ta padà, fọ́tò máa pọ́n. Ohun tó ṣe Màmá àgbà gan-an nìyẹn: màjẹ́ńtà àti yẹ́lò wọn ṣì wà, sáyánì ló lọ. Ẹ lè wo álíbọ́ọ̀mù ilé yín náà. Àwọn fọ́tò aláwọ̀ tí wọ́n fọ̀ ní sítúdíò ní nǹkan bí 1970 sí 1985, ọ̀pọ̀ wọn ti pọ́n bí ẹni tó gun ọ̀kadà lójú ọ̀nà eléruku. Inú òkùnkùn álíbọ́ọ̀mù ni wọ́n wà o. Sáyánì tó wà nínú pépà fọ́tò ìgbà yẹn máa ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí oòrùn ò tiẹ̀ kàn án. Ẹṣẹ̀ kan náà ni, àmọ́ ọ̀daràn ibẹ̀ yàtọ̀ sí ti pálọ̀ wa.

Kí n tó kúrò lórí àwọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ojú dúdú. Ẹ ti rí i: fọ́tò rẹwà lórí fóònù, ẹ tẹ̀ ẹ́ tán, ojú èèyàn dúdú bí ìdí ìkòkò. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ò ṣẹ̀. Iná ojú fóònù yín ló wà lókè pátápátá, ó ń tàn yín jẹ. Ẹ dín in kù títí funfun ojú fóònù á fi jọ funfun pépà tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ máa rí fọ́tò náà bó ṣe máa rí lórí pépà. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ohun tí wọ́n pè ní Shadows sókè díẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ní ìtàn lẹ́yìn: fún ọ̀pọ̀ ọdún, fọ́tò obìnrin aláwọ̀ funfun kan tí wọ́n ń pè ní Shirley ni Kodak fi ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìfọ̀tò láti fi wọn bóyá àwọ̀ tọ̀nà. Bí Shirley bá ti dára, iṣẹ́ ti parí. Ojú tiwa ò sí nínú òṣùwọ̀n.

Ẹ̀rọ tó ń tutọ́

Ẹ̀rọ onííńkì kì í fi nǹkan kan kan pépà. Ó ń tutọ́ sí i ni. Itọ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ pikolítà díẹ̀: ẹ pín lítà omi kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, kí ẹ tún pín ọ̀kan nínú rẹ̀ sí mílíọ̀nù kan, pikolítà kan nìyẹn. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà tu ú. Ti Canon àti HP, irin tín-ín-rín kan máa gbóná lójijì, íńkì tó kàn án á hó, hóró afẹ́fẹ́ á wú, á sì ti ẹ̀kán kan jáde. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ní ọdún 1977, Ichiro Endo ní Canon rí i pé irin gbígbóná tí wọ́n fi ń jó wáyà kan abẹ́rẹ́ síríǹjì tí íńkì wà nínú rẹ̀, íńkì sì tọ jáde. Ti Epson kò lo ooru, òkúta kékeré kan ni, tó máa ń fẹ̀ tó sì máa ń sún kì nígbà tí iná bá gba inú rẹ̀ kọjá. Àwọn tẹ̀gbọ́n tàbúrò Pierre àti Jacques Curie ló ṣàwárí irú òkúta bẹ́ẹ̀ ní 1880.

Ihò tí itọ́ ń gbà jáde kéré gan-an, ìdí nìyẹn tí ọyẹ́ fi ń dí i. Omi inú íńkì á gbẹ, àwọ̀ á há síbẹ̀. Ẹ tẹ nǹkan kan jáde, kékeré náà ni, lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan bí iná bá wà.

Aró àti ẹfun

Ibi tí mo ti ṣìṣe rèé. Íńkì méjì ló wà, ẹni tó ta tèmi fún mi ò sọ èyí tó jẹ́, èmi náà ò sì béèrè. Owó rẹ̀ ni mo wò.

Oríṣi kan dà bí aró. Àwọ̀ ti yọ́ pátápátá sínú omi bí ṣúgà ṣe ń yọ́ nínú tíì, mólékù kọ̀ọ̀kan dá dúró. Lára ìgò rẹ̀ wọ́n máa kọ dye. Oríṣi kejì dà bí ẹfun tàbí osùn. Kò yọ́, ó kàn fọ́nká sínú omi ni, èérún kan ṣoṣo sì ní mólékù tó pọ̀ gan-an tí wọ́n fara pọ̀. Wọ́n máa kọ pigment sára tiẹ̀. Kí ẹ má rò pé èérún yẹn tóbi o: nǹkan bí 100 nanómítà ni. Irun orí kan nípọn tó ìlọ́po 500 rẹ̀, ó kéré tán.

Mo mọ̀ pé aláró Abẹ́òkúta kan lè bá mi jà lórí àfiwé yìí, ó sì lẹ́jọ́ rò. Aró tiwọn gbọ́n ju íńkì mi lọ. Nínú ìkòkò, omi eérú àti àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń mú kó kan ló jẹ́ kó yọ́, àwọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ sì jọ ewé tó ń pọ́n. Tí wọ́n bá fa aṣọ jáde, tí afẹ́fẹ́ kàn án, ó máa di búlúù lójú yín, kò sì ní yọ́ nínú omi mọ́. Ó ti há sínú òwú. Ó wọlé bíi dye, ó jókòó bíi pigment. Íńkì ìgò tí mo rà kò ní irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Bó ṣe wọlé náà ló ṣe jókòó.

Kí ló wá burú nínú kí mólékù dá dúró? Ẹ wo àpò gaàrí tí òjò pa. Ti òkè ló máa rin, ti ìsàlẹ̀ á wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Èérún pigment nìyẹn: bí ìmọ́lẹ̀ tàbí afẹ́fẹ́ bá pa àwọn mólékù tó wà ní ìta, àwọn ti inú ṣì wà tí wọ́n ń fún wa ní àwọ̀. Dye dà bí gaàrí tí ẹ sá sórí ẹní, kò sí èyí tó ní ibi sá sí. Síbẹ̀ dye ní iyì tiẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ máa ń tàn, ó máa ń dán lórí pépà, kì í tètè dí ihò ẹ̀rọ, owó rẹ̀ ò sì pọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ilé. Àwọn ẹ̀rọ kan ń lo pigment fún dúdú, kí wọ́n wá lo dye fún àwọ̀ mẹ́ta yòókù, kí ẹ máa wò ó dáadáa.

Pépà náà ń kópa. Pépà lásán tí a fi ń ṣe fọ́tókọ́pì jẹ́ okùn igi tó wé mọ́ra. Íńkì á máa rin kiri nínú rẹ̀ bí omi nínú aṣọ, àwòrán á ṣú. Pépà fọ́tò ní ohun tí wọ́n fi pa á lójú. Irú kan ni ti ohun tó ń wú, bíi gelatin: íńkì á wọnú rẹ̀, ojú rẹ̀ á sì padé lé e lórí. Kì í tètè gbẹ, omi ò sì gbọ́dọ̀ kàn án. Irú kejì kún fún ihò tí ojú ò lè rí, láàárín èérún sílíkà tàbí alúmínà. Íńkì á wọ ihò lójú ẹsẹ̀, ẹ lè fi ìka nù ún kó má ṣe nǹkan kan. Àmọ́ ihò náà ò padé. Bí íńkì ṣe ráyè wọlé ni afẹ́fẹ́ náà ráyè.

Pépà tó ń gbẹ lójú ẹsẹ̀ ni mo rà. Mo tiẹ̀ fi yangàn fún ọ̀rẹ́ mi.

Ohun tó wà nínú afẹ́fẹ́

Àwọ̀ inú mólékù dye wá láti ara ìdè oníméjì tó tẹ̀ léra pẹ̀lú ìdè ẹlẹ́yọ kan, láàárín àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ń sáré lórí ìdè wọ̀nyí bí ọmọdé lórí afárá, ìwọ̀n afárá náà ló sì ń pinnu irú ìmọ́lẹ̀ tí mólékù máa gbé mì. Ẹ gé afárá ní ibì kan péré, àwọ̀ ti lọ. Mólékù wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n ojú wa ò rí i mọ́.

Ohun méjì ló ń gé e. Ìmọ́lẹ̀ ni àkọ́kọ́, pàápàá ultraviolet inú oòrùn, torí agbára rẹ̀ pọ̀. Gíláàsì férémù ń dá lára rẹ̀ dúró, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Èkejì ni ósóònù, átọ́ọ̀mù ọ́síjìn mẹ́ta tó so pọ̀, tí ìdè oníméjì jẹ́ oúnjẹ rẹ̀. Ẹ gbọ́ èyí: a máa ń fi aró wọn ósóònù ní lábù. Bí ósóònù bá wà nínú omi kan, a máa da ọmọ ìyá aró tó ń yọ́ nínú omi sí i, bí búlúù rẹ̀ bá ṣe ṣá tó ló máa sọ iye ósóònù tó wà níbẹ̀ fún wa. Mo ti ka irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, mo ti kọ ọ́ sínú ìwé, kò sì wá sí mi lọ́kàn rí pé ohun kan náà lè máa ṣẹlẹ̀ sí màmá mi àgbà lára ògiri.

Níbo ni ósóònù ti ń wá? Èéfín jẹnẹrétọ̀ àti ti ọkọ̀ ń gbé gáàsì náítírójìn olọ́síjìn jáde, oòrùn á bà lé e, ósóònù á sì wáyé láti inú rẹ̀. Àwọn gáàsì náítírójìn yẹn gan-an lè pa àwọn dye kan láìdúró de ósóònù. Fèrèsé pálọ̀ wa kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ilé mẹ́ta to jẹnẹrétọ̀ wọn sí.

Ìtàn kan ti wáyé lórí èyí. Ní ọdún 2000, àwọn tó ra ẹ̀rọ fọ́tò tuntun kan ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé fọ́tò wọn ń di àwọ̀ ọsàn láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n gbọ́ nígbà tí wọ́n rà á ni pé á pẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa fún wọn. Iná ni wọ́n fi dán an wò, ó sì yege níwájú iná. Ósóònù ló ń gba inú ihò pépà wọlé tó ń jẹ sáyánì.

Ní ti iye ọdún tí wọ́n máa ń kọ sára páálí pépà, ó yẹ ká mọ bí wọ́n ṣe ń kà á. Henry Wilhelm ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí bí fọ́tò ṣe ń ṣá, máa ń ṣírò rẹ̀ pé fọ́tò wà nínú gíláàsì, tí ìmọ́lẹ̀ 450 lux ń bà lé e fún wákàtí 12 lójúmọ́. 450 lọ́nà 12 jẹ́ 5,400. Mo fi áàpù orí fóònù wọn ògiri wa lọ́sàn-án: nǹkan bí 4,000 lux. Ká ní wákàtí mẹ́fà ni, 24,000 nìyẹn lójúmọ́, ìlọ́po mẹ́rin àti díẹ̀. Fọ́tò tí wọ́n ní á lo ogójì ọdún ò ní lò ju mẹ́sàn-án lọ níbẹ̀. Iye yẹn sì wà fún íńkì àti pépà tí wọ́n jọ dán wò pọ̀, kì í ṣe fún íńkì ìgò tí a rà lọ́tọ̀, pépà tí a rà lọ́tọ̀.

Àmọ́ ọdún mẹ́sàn-án ṣì jìnnà sí ọdún méjì. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ èyí tó kù: gíláàsì férémù náà fọ́ nínú bọ́ọ̀sì nígbà tí mò ń gbé e bọ̀. Mo kó àfọ́kù rẹ̀ dànù, mo ní kò burú, pé fọ́tò tiẹ̀ hàn dáadáa báyìí. Dye, pépà oníhò, kò sí gíláàsì, fèrèsé tó kọjú sí jẹnẹrétọ̀ mẹ́ta. Ká ní mo fẹ́ kí fọ́tò náà bàjẹ́, mi ò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ti bàbá àgbà ńkọ́? Dye kankan ò sí nínú fọ́tò dúdú àti funfun ìgbà náà. Dúdú rẹ̀ jẹ́ èérún fàdákà gidi, nínú gelatin. Fàdákà ò ní afárá tí ósóònù máa gé. Ohun tó lè ṣe é ni sọ́fọ̀, ìyẹn ló sì fà á tí igun kan fọ́tò bàbá fi pọ́n díẹ̀: fọtógíráfà ò ṣan án dáadáa. Omi tí wọ́n fi ń dá fọ́tò dúró kó má baà ṣú tán, haípò, ní sọ́fọ̀ nínú. John Herschel ló ti mọ̀ láti 1819 pé ó ń yọ́ iyọ̀ fàdákà. Bí èyí tó ṣẹ́ kù nínú pépà ò bá ṣàn kúrò, á máa sọ fàdákà di àwọ̀ kọfí díẹ̀díẹ̀.

Ibi tí fọ́tò wà gan-an

Fọ́tò tó wà lára ògiri lè ṣá, kò sí wàhálà bí ẹ bá lè tún un tẹ̀. Àwọn fọtógíráfà wa àtijọ́ mọ ìyẹn ju àwa lọ. Stephen Sprague kọ̀wé nínú African Arts ní 1978 nípa àwọn ní Ìlá Ọ̀ràngún: bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó yà wọ́n, wọ́n á ya èyí tó kù nìkan, wọ́n á sì tẹ nẹ́gátíìfù kan náà lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan, kí Táíwò àti Kẹ́hìndé lè jókòó pọ̀. Bí èkejì bá jẹ́ obìnrin tí èyí tó kù jẹ́ ọkùnrin, wọ́n á yà á lẹ́ẹ̀kan nínú aṣọ ọkùnrin, lẹ́ẹ̀kan nínú aṣọ obìnrin. Nẹ́gátíìfù lohun tí wọ́n fi ń ṣe gbogbo ìyẹn. Tiwa lónìí ni fáìlì tó kọ́kọ́ jáde nínú kámẹ́rà.

Wọ́n jí fóònù mi ní gáréèjì ní ọdún tí mo ya Màmá. Mi ò tíì kó fọ́tò rẹ̀ síbì kankan. Ẹ rántí 1600 tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn? Àǹtí mi ló ṣì ní fọ́tò náà, èyí tí mo fi ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp lọ́jọ́ ìbí Màmá. Pixel 1600 sí 1200. Ní 300 sí íǹṣì kan, fọ́tò tó máa fún wa kò ju íǹṣì 5 sí 4 lọ. Ti tẹ́lẹ̀ tóbi tó A4.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́, kékeré. Ọ̀rẹ́ kan nílé ìtẹ̀wé bá mi fi íńkì pigment tẹ̀ ẹ́. Mo fi sínú férémù tó ní gíláàsì, mo fi páálí tín-ín-rín yí etí rẹ̀ ká kí fọ́tò má baà lẹ̀ mọ́ gíláàsì nígbà òjò, mo sì gbé e kọ́ sí ògiri kejì, níbi tí fèrèsé ò ti rí i. Bàbá àgbà náà ṣí lọ sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Màmá mi ní ó kéré. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo ti kó fáìlì náà sí ibi mẹ́ta báyìí, ọ̀kan wà lọ́wọ́ àbúrò mi ní ìlú míì.

Ẹ̀yin náà lè dán tiyín wò kí ẹ tó tẹ èyí tó ṣe pàtàkì. Ẹ tẹ fọ́tò kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin, ní kékeré, pẹ̀lú íńkì àti pépà yín. Ẹ lẹ ọ̀kan mọ́ inú fèrèsé lẹ́yìn gíláàsì, kí ẹ fi gíláàsì mìíràn bo ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ sì fi sẹ́lótéèpù dí etí rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má wọlé: ìmọ́lẹ̀ nìkan ló máa jẹ ìyẹn. Ẹ gbé èkejì kọ́ síbi tó ṣókùnkùn tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí: afẹ́fẹ́ nìkan nìyẹn. Ẹ fi ẹ̀kẹta sára ògiri pálọ̀ bó ṣe wà, kó jẹ méjèèjì. Ẹ fi ẹ̀kẹrin sínú ọ̀rá tó dé dáadáa, nínú ìwé, nínú dúrọ́ọ̀. Ẹ kọ ọjọ́ sí ẹ̀yìn wọn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ kó wọn jáde sí ìta gbangba lọ́sàn-án, ẹ tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

Mo ti ṣe é pẹ̀lú ìyókù ìgò íńkì tí mo fi tẹ Màmá, oṣù mẹ́ta pé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Èyí tó wà nínú ọ̀rá ò yí padà. Ti fèrèsé ti ṣá díẹ̀, gbogbo àwọ̀ ló sì jọ ṣá pọ̀. Èyí tó wà nínú òkùnkùn pẹ̀lú afẹ́fẹ́ ti ń pọ́n.